Súnmọ́nù Olómi

Ìró rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, kí n tó rántí ojú ẹni tó ń ṣe é. Ṣùùùù, bí ìgbà tí wọ́n bá tú omi páìpù sára páànù òrùlé. Bí omi yẹn bá ba ẹni tí wọ́n ń bá jà nínú géèmù, á dún pàù, ẹni náà á sì ké. Bí kò bá bà á, omi á kàn lọ, á dákẹ́. Láàrin pàù àti ìdákẹ́ yẹn ni ọkùnrin kan fara pamọ́ sí ní Pápá Àjàó fún oṣù mẹ́jọ gbáko, tí àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fún un kò mọ ohun tó ń ṣe é.

Èmi mọ̀. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí sílẹ̀ nìyẹn. Mo ti dàgbà, ìwé mẹ́fà péré sì ni mo kà l'Ógbómọ̀ṣọ́ kí bàbá mi tó mú mi wá kọ́ṣẹ́ l'Ékòó, nítorí náà kí ẹni tó bá ń kà á fojú fo àṣìṣe mi. Orúkọ kò ṣòro fún mi. Mo lè jókòó báyìí kí n ka orúkọ gbogbo ẹni tó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, láti ìparí dé ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo tí ì bá bá mi kà wọ́n, ìyàwó mi Ràfátù, ilẹ̀ gbà á lóṣù méjì sẹ́yìn.

Nígbà tí mò ń sọ yìí, àwọn ṣọ́jà ló ń ṣèjọba. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Pápá Àjàó, ní Múṣin, níbi tí mo ti ń tún tẹlifíṣọ̀n àti rédíò ṣe. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, mi ò tíì gbéyàwó, mo sì gbà pé mo gbọ́n gidigidi. Nítorí pé mo mọ ọ̀nà tí iná ń gbà wọ inú tẹlifíṣọ̀n, mo rò pé kò sí ohun tó lè fara pamọ́ fún mi nínú ayé. Mo máa ń ki kálámù sí àpò àyà bíi dókítà. Kò sí ohun tí mò ń fi kálámù yẹn kọ.

Ọkùnrin kan láti Ìpọ̀nrí ló gbé ẹ̀rọ géèmù wá fún mi pé kò ṣiṣẹ́ mọ́. Nígbà tí mo tún un ṣe tán, ó ní òun kò fẹ́ ẹ nílé òun mọ́, pé àwọn ọmọ òun kò ka ìwé mọ́ nítorí rẹ̀, kí n máa mú un lọ. Géèmù kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, géèmù ìjà ni. Ìwé inú rẹ̀ kì í ṣe ti òyìnbó tí a mọ̀, ó rí bí ìgbà tí adìyẹ bá fẹsẹ̀ ha ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè kà á, nítorí náà a sọ àwọn oníjà inú rẹ̀ lórúkọ fúnra wa. Èyí tó ní igi lọ́wọ́, a pè é ní Kóńdó. Obìnrin tó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tani papọ̀, a pè é ní Ìyá Ìbejì. Ọkùnrin sísanra kan wà tó pá lórí, tí ikùn rẹ̀ yọ síta bí ìkòkò, tó ń rìn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó. Kò lè fò, ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ kò sì dé ibì kankan. Ẹnikẹ́ni kì í mú un. Bí àṣìṣe bá mú kí èèyàn mú un, gbogbo bẹ́ǹṣì á rẹ́rìn-ín.

Súnmọ́nù ló wá ohun tó wà nínú ọkùnrin yẹn jáde. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló tẹ̀ lé tèmi, wẹ́dà ni, ọmọ ìlú mi ni, ọdún kan náà la sì jọ dé Èkó. Ràfátù, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń kọ́ iṣẹ́ irun ṣíṣe nítòsí. Bí Ràfátù bá ń kọjá, mo máa ń yí rédíò sókè. Lójú tèmi, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà lọ́kàn mi.

Bí Súnmọ́nù ṣe rí omi yẹn nìyí: ó fa ọwọ́ páàdì tí a fi ń darí àwọn oníjà sẹ́yìn láti sá, ó gbàgbé ìka rẹ̀ síbẹ̀, ó wá tì í síwájú pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkùnrin sísanra yẹn tẹ̀yìn, ikùn rẹ̀ wú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ó sì tu omi láti ẹnu, omi náà gba ojú tẹlifíṣọ̀n láti òpin dé òpin, ó gbé ẹni tó ń bá a jà lulẹ̀. Gbogbo wa pariwo. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko la fi wá bó ṣe ṣe é. Ó yé òun nìkan. Ó ní, "Ẹ kì í jẹ́ kó bu omi mu kẹ́ ẹ tó ní kó tu ú. Ẹ fà á sẹ́yìn, ẹ ka ení, èjì, kí omi kún ẹnu rẹ̀, kẹ́ ẹ tó tì í." Àwa kò ní sùúrù ení, èjì yẹn. Kàmọ́rù tẹ́lọ̀ máa ń tì í kí ó tó ka ení tán, ọkùnrin sísanra yẹn á kàn wúkọ́.

Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní Súnmọ́nù Olómi. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, bí iná ọba bá wà, ṣọ́ọ̀bù mi á kún débi pé àwọn kan á gun ògiri kékeré tó wà níwájú. Òfin wa ni pé ẹni tó bá lulẹ̀ kó dìde, kí ẹlòmíràn jókòó. Súnmọ́nù kì í dìde. Bó bá ti tu omi, àwọn ará ẹ̀yìn á máa kọrin pé, "Ẹni tó da omi síwájú, á tẹlẹ̀ tútù!" Òun á sì máa mi orí bí ọba.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn tí a ti kírun dé, èmi àti òun nìkan la jókòó, a ń ṣeré kí iṣẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n tí mo fi ń ṣe géèmù ti darúgbó. Láàrin ìjà, àwòrán kú. Iná kò lọ o, ohùn ṣì ń jáde, orin géèmù ṣì ń lù, ṣùgbọ́n ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú kirimú. Mo gbé páàdì mi sílẹ̀, mo dìde kí n lọ gbá a lẹ́yìn, nítorí ìgbájú nìkan ni tẹlifíṣọ̀n yẹn máa ń gbọ́. Ni mo bá gbọ́ ṣùùùù.

Mo wẹ̀yìn. Súnmọ́nù ṣì ń jà. Ó dojú kọ tẹlifíṣọ̀n tó ti kú yẹn, ó fi orí rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí wọ́n ń pè láti òdìkejì odò. Ó fà á sẹ́yìn, ó dì í mú, ó tì í. Ṣùùùù. Pàù.

"Kí ló ṣe ẹ́ lónìí?" ó ní. "O ò tilẹ̀ jà. Ṣé o ti ń sùn ni?"

Ṣùùùù. Pàù. Ohùn inú géèmù kéde pé mo ti kú. Súnmọ́nù bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹni tó lulẹ̀ kó dìde."

Mo dúró síbẹ̀, ọwọ́ mi wà lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo ní, "Súnmọ́nù, kí lò ń rí níbí yìí?"

"Kí ni mò ń rí bí? Ìwọ náà ni, o na gbalaja sílẹ̀ bí ẹja."

"Tẹlifíṣọ̀n ti kú, Súnmọ́nù. Ó ti pẹ́ tó ti kú."

Ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rọra kúrò. Ó gbé páàdì sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi. Ojú ọ̀tún ti lọ pátápátá. Ti òsì, ó ní, bí ẹni tó ń wòran láti inú àpò sìmẹ́ǹtì ni. Ó ti rò tẹ́lẹ̀ pé iná wẹ́dà lásán ni, èyí tó máa ń ta gbogbo wẹ́dà lójú, tí wọ́n á fi omi tútù bọ́, tí á lọ lọ́jọ́ kejì. Èyí kò lọ. Ó ti lọ sí ọsibítù ojú lẹ́ẹ̀kan, ó sì purọ́ fún wa pé ìlú lòun lọ. Dókítà ní bí kò bá fi iṣẹ́ wẹ́dà sílẹ̀, kò ní ríran rárá, pé kó padà wá kí wọ́n wo ohun tí wọ́n lè ṣe sí ìyókù. Kò padà lọ.

"Kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí n wá ṣe kí ni?" ó ní. "Kí n máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n máa bù fún mi jẹ? Gbọ́, mo ṣì ń rí iná wẹ́dà fúnra rẹ̀. Òun nìkan ni mò ń rí dáadáa. Ìyókù, ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n."

Mo ní kí a sọ fún àwọn èèyàn. Ó di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ le bí irin.

"Bí wọ́n bá gbọ́ pé wẹ́dà ò ríran, ta ló máa gbé iṣẹ́ wá fún mi? Ta ló máa wá fẹ́ Ràfátù nílé afọ́jú?"

"Èmi," mo ní. Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu mi.

"Mo mọ̀," ó ní. "Gbogbo ojúlé ló mọ̀. Àdúgbò yìí ò sì gbádùn rédíò ẹ mọ́." A rẹ́rìn-ín, àwa méjèèjì. Lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn ló ní kí n búra, mo sì búra pé ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo di òwe yẹn mú bí ẹni di ọ̀pá mú. Mo rò pé ọ̀rẹ́ gidi ni mí. Kì í ṣe pé mo dákẹ́ nìkan, mo ràn án lọ́wọ́. Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dé, mo máa ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí ẹni tó lọ kí i, mo máa ń bá a wọn irin, mo máa ń fi ayùn ha ibi tó yẹ kó gé, kí ìka rẹ̀ lè mọ̀ ọ́n. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ ti gba òmìnira, kò sì gba òmíràn, nítorí ojú ọmọṣẹ́ mú. Ní ti géèmù, mo tú sípíkà ńlá inú rédíò kan tó ti bàjẹ́, mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, kí pàù lè yàtọ̀ sí ìdákẹ́ dáadáa. Àwọn èèyàn yìn mí. Wọ́n ní ìjà wá dùn bíi sinimá. Mo gba ìyìn náà, mo sì ki kálámù mi bọ àpò.

Báyìí la ṣe ń bá a lọ títí Fẹ́mi fi dé. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, ó ń gbé Yábà, ó ń kọ́ nípa ẹ̀rọ, ó sì wọ awò ojú tó nípọn. Kàmọ́rù tẹ́lọ̀ ló lọ mú un wá, nítorí Súnmọ́nù ti nà án títí ojú ti ń tì í níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀. Fẹ́mi kò pariwo. Ó wo Súnmọ́nù ní ọjọ́ Àìkú méjì láìfọwọ́ kan páàdì. Lọ́jọ́ Àìkú kẹta, ó jókòó tì í, ó sì rí i pé Súnmọ́nù kì í ṣe nǹkan mìíràn ju omi lọ. Kì í sún mọ́ni, kì í fò, kì í gbá ẹ̀ṣẹ́. Á dúró sí igun kan, á máa tu omi.

Ráùndù kìíní, Súnmọ́nù gba. Kàmọ́rù fò dìde.

"Rárá o! Èyí kì í ṣe ìjà! Àfi omi, àfi omi! Ṣé fọṣọfọṣọ ni?"

"Gba tìẹ ná," Súnmọ́nù ní, "aṣọ tìẹ ló dọ̀tí." Gbogbo bẹ́ǹṣì wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín.

Ṣùgbọ́n Kàmọ́rù kò jókòó. Ó ní kí a ṣe òfin: omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ráùndù kan, kí Súnmọ́nù wá fi ẹ̀ṣẹ́ jà bíi ti gbogbo èèyàn. Àwọn kan ní òtítọ́ ni. Àwọn mìíràn ní ìlara ni. Ariwo ta. Nígbà náà ni Fẹ́mi yí sí mi, ó sì sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ẹ̀gbọ́n yìí kì í wo tẹlifíṣọ̀n. Mo ti ń wo ojú wọn láti ọjọ́ yẹn. Wọn ò wò ó rárá."

Mo rí ọwọ́ Súnmọ́nù lórí páàdì, ó ti le gbandi. Ó yí ojú sí ọ̀nà tí ohùn mi máa ń gbà wá, ojú òsì tó ṣẹ́kù yẹn ń wá mi, kò rí mi, ó ń wo èjìká mi.

Kí ẹni tó ń kà á dúró síbí pẹ̀lú mi díẹ̀. Èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mo ni géèmù, ohun tí mo bá sọ labẹ́ gé. Bí mo bá gba òfin Kàmọ́rù, omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Súnmọ́nù ì bá lulẹ̀ lójú gbogbo èrò, gbogbo ènìyàn ì bá rí i bó ṣe ń gbá ẹ̀ṣẹ́ sí ibi tí kò sí ẹnìkan. Wọn ì bá rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọn ì bá dákẹ́, ẹnìkan ì bá sì bi í léèrè. Ojú ì bá tì í. Iṣẹ́ ì bá bọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí rẹ̀ ì bá ṣẹ́ kù. Gbogbo èyí hàn sí mi nísinsìnyí bí ọ̀sán. Nígbà náà, ìtìjú rẹ̀ nìkan ni mo rí.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Fẹ́mi, ìwọ tó o gbé gíláàsì méjì kọ́jú, tó ò tíì rí ọ̀nà gba ìjà yìí, ìwọ lò ń ṣe dókítà ojú fún wa?" Bẹ́ǹṣì tún wó. Mo gbé ọwọ́ sókè bí adájọ́. "Nínú ṣọ́ọ̀bù tèmi, ohun tí géèmù bá gbà, èmi náà gbà á. Ẹni tí omi bá dùn, kó ra agbòjò."

Súnmọ́nù gba ráùndù kejì. Wọ́n gbé e sókè. Wọ́n gbé e yí ká àdúgbò, tó ń ju ọwọ́ sókè, tó ń rẹ́rìn-ín sí ibi tí kò rí. Fẹ́mi kò bínú. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sì mú wọn lọ sọ́sibítù o." Mo ní mo ti gbọ́. Àìkú nìyẹn.

Ní Ọjọ́bọ̀, awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Jìmọ́ gbé táǹkì epo ọkọ̀ rẹ̀ wá fún Súnmọ́nù pé ó ń jò, kó bá òun lẹ̀ ẹ́. Gbogbo wẹ́dà ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ inú rẹ̀, wọ́n á ṣàn án, lẹ́yìn náà wọ́n á fi omi kún un títí dé ẹ̀gbẹ́ ibi tó ń jò, kí omi lè lé atẹ́gùn epo bẹntiróòlù jáde, nítorí atẹ́gùn yẹn burú ju epo lọ. Súnmọ́nù fọ̀ ọ́. Ó pọn omi kún un. Ó fọwọ́ tọ́ ọ wò lókè, ó kún. Ohun tí kò rí ni pé ihò mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀ níbi tí irin ti jẹ, ihò kékeré bí orí ìṣó. Ó gbé e kalẹ̀, ó lọ wá irin ìlẹ̀ rẹ̀, ó fọwọ́ wá a pẹ́. Omi ń lọ ní gbogbo àkókò yẹn. Ẹni tó bá ní ojú kan péré tó dára ì bá rí ilẹ̀ tó tutù.

Èmi rí i. Omi náà ṣàn kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó gba inú eruku lọ sínú gọ́tà, ìfóófòó ọṣẹ wà lójú rẹ̀. Mo fo ó kọjá. Mo rò pé ó ń fọ nǹkan.

Mi ò ní kọ bí táǹkì yẹn ṣe dún nígbà tí iná wẹ́dà kàn án. Àwọn tó wà ní àdúgbò nígbà náà mọ̀ ọ́n, àwọn tí kò sí níbẹ̀ kò nílò rẹ̀. Jìmọ́ ti lọ jẹun, kò sí ẹlòmíràn nítòsí, Ọlọ́run ṣeun ní ti ìyẹn. Èmi àti Kàmọ́rù la gbé e. Kàmọ́rù fi aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀ wé e, aṣọ tuntun tí wọn kò tíì wá gbà, kò wẹ̀yìn wò. N kò gbàgbé ìyẹn fún Kàmọ́rù.

Ọjọ́ mẹ́ta ló lò ní ọsibítù. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Ràfátù jáde lọ pọn omi, ó pe orúkọ mi. Mo tẹ̀ mọ́ ọn.

"Má sọ fún Ràfátù," ó ní.

Mo ní mi ò ní sọ. Nǹkan tí mo bá a sọ gbẹ̀yìn nìyẹn.

Gbogbo èèyàn ní iṣẹ́ wẹ́dà ló pa á. Wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni. Mo ṣe àmín pẹ̀lú wọn. Mo tú géèmù yẹn palẹ̀, mo kó o sínú àpótí, mi ò tún un tò mọ́. Lẹ́yìn ọdún kan mo fẹ́ Ràfátù. Àwọn èèyàn yìn mí pé mo gba ẹrù ọ̀rẹ́ mi, pé irú mi ṣọ̀wọ́n. Ó bí Sàkírátù fún mi, ó bí Múrí. Ó ṣe irun títí ọ̀pá ẹ̀yìn fi dùn ún. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá dé, mo máa ń dìde lọ ṣe nǹkan. Mo máa ń sọ fún ara mi pé mo ń pa àṣẹ òkú mọ́ ni. Bí mo bá fẹ́ sọ òótọ́, ẹ̀rù ló ń bà mí. Obìnrin tó ń bu oúnjẹ fún mi lójoojúmọ́ yìí, bó bá mọ̀ pé mo ti mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ò ríran, mo sì fi ẹnu mi ní kó máa tu omi lọ, ṣé á tún bù ú?

Àìsàn tó mú un lọ kò kánjú. Ó fún wa láyè. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀, ó ní kí Sàkírátù lọ bá òun ra ọsàn, èyí tí kò lè mu. Nígbà tó ku àwa méjì, ó ní, "Bàbá Sàkírátù, ohun kan wà tí mi ò sọ fún yín rí."

Mo ní kó sinmi.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Bọ̀dá mi ò ríran mọ́ kí wọ́n tó kú. Mo mọ̀. Bí mo bá gbé oúnjẹ fún wọn, ìta abọ́ lọwọ́ wọn ń lọ. Mo wá ń gé ẹran, mo ń gbé e sétí ọwọ́ wọn. Wọ́n ní kí n má sọ fún yín. Wọ́n ní bẹ́ ẹ bá mọ̀, ẹ máa lé wọn nídìí géèmù, pé ibẹ̀ nìkan làwọn ti ń jẹ́ èèyàn. Ká ní mo sọ fún yín ni, ẹ ì bá dá wọn dúró. Mo mọ̀ yín. Ẹ ì bá dá wọn dúró. Èmi ni mo pa wọ́n. Ẹ forí jì mí."

Omijé kò sí lójú rẹ̀. Ó ti sun ún tán láti ọgbọ̀n ọdún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, lórí ibùsùn kan náà, mi ò gbọ́.

Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi. Èmi náà mọ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni, ọmọ ọdún méjì lè sọ ọ́. Mo wo ojú rẹ̀, bó ṣe ń wò mí bí ẹni tó ń retí ìdájọ́, mo sì ro bí ojú yẹn ṣe máa yí padà. Mo gbé ọwọ́ mi lé orí rẹ̀.

"Ràfátù," mo ní, "mo ti dárí jì ẹ́."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó di ọwọ́ mi mú, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí Sàkírátù fi dé.

A ti ṣe àdúà ogójì ọjọ́. Ilé dákẹ́ báyìí. Àwọn tó wá kí mi ń sọ pé ọkọ rere ni mí, pé Ràfátù gbádùn mi, mo sì ń dáhùn pé Ọlọ́run ló ṣe é. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ ń bá a. Ní tèmi, ọjọ́ kan ṣoṣo náà wá bá mi nílé, ó jókòó tì mí lórí ibùsùn, mo sì lé e lọ. Mo fún obìnrin yẹn ní ìdáríjì tí kì í ṣe tèmi láti fún un, ó sì gbé e lọ sọ́run bí ẹrù tó níye lórí. Bó bá jẹ́ òótọ́ pé àwọn tó ti lọ máa ń ríra wọn, Súnmọ́nù á ti sọ fún un báyìí. Ọjọ́ mi náà kò jìnnà mọ́. Mi ò mọ ojú tí màá fi wo Ràfátù.